Stóò ti sú mi, mo fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ sọ́là, mo sì ti ń sún mọ́ 50

Stóòkípà Rẹ́mọ

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹni tí ò bá ráyè kó máa kọjá lọ, mi ò ní bínú. Ọmọ Òde Rẹ́mọ ni mí, Ṣàgámù ni mò ń gbé, láti 2004 ni mo ti wà ní ilé iṣẹ́ kan lápá ibí, inú stóò ni wọ́n fi mí sí látìgbà yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù gbígbé, mo wá di ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo wá di ẹni tó ń buwọ́ lù ú, ibẹ̀ náà la dúró sí títí dòní. Kò sẹ́ni tó bú mi o. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lé mi. Owó oṣù máa ń pẹ́ nígbà míì àmọ́ ó ń wọlé. Ó kàn sú mi ni. Kí n ka bíárín, kí n ka bẹ́líìtì, kí n kọ iye tó kù, tílẹ̀ bá tún mọ́ kí n tún un kà. Àwọn ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ ti di súpáfáísọ̀, èmi ni mò ń sọ pé "ẹ káàárọ̀ sà" fún wọn. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè ìyàwó mi á ní kí ló dé tójú mi fi rí báyìí, ṣé ẹnì kan ṣẹ̀ mí ni.

Ní 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan tí ò tó 200 náírà fò kọjá 480 kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo gbé jẹnẹrétọ̀ mi jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo yá owó kọ́páréétíìfù, mo ní kí wọ́n wá ṣe sọ́là kékeré sílé fún mi. Ẹ ẹ́ gbà mí gbọ́ pé mi ò lè kúrò lẹ́yìn àwọn ọmọkùnrin tó wá ṣe é? Wáyà wo lẹ̀ ń lò, kí ló dé tẹ́ ẹ fi so ó báyìí, kí nìyẹn. Ọ̀gá wọn ń rẹ́rìn-ín. Látìgbà náà kò sí fídíò sọ́là tí mi ò tíì wò, ti aládùúgbò mi tó dákẹ́ èmi ni mo bá a wo ìdí ẹ̀, ìdí bátìrì ni wáyà ti tú, mo dè é le, iná tàn, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí mo gba ìgbéga lọ.

Ọ̀gá yẹn ní ṣọ́ọ̀bù n'Íjẹ̀bú-Òde, ó ní "Dádì, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ́ ọ, ẹ máa bọ̀." Ọmọ ọdún 27 ni. Èmi máa pé 50 lóṣù kejì ọdún tó ń bọ̀. Mo ní ọmọ kan ní OOU tó wà ní 200 level, ìkejì wà ní SS3. Ìyàwó mi ń tajà ní Fálàwọ̀, mi ò tíì sọ ọ́ fún un tààrà, mo kàn ń fẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ sọ ọ́. Mo ti kọ lẹ́tà mo fẹ́ kúrò sínú fóònù mi, ó ku kí n fi ránṣẹ́ ní ìparí oṣù yìí. Ṣé kí n ṣe é? Àti pé, ẹ má rẹ́rìn-ín o, ṣé ẹni tó dàgbà báyìí lè jókòó sábẹ́ ọmọ tóun lè bí?

Àjàní Onímọ́tò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí, ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ wà jàre. Ta niṣẹ́ ẹ̀ ń dùn mọ́ nínú ní Nàìjíríà yìí? Èmi ń wa mọ́tò láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Òjọ́ta, ṣé ẹ rò pé gósúló Mọ́wé ń dùn mọ́ mi ni? Àwọn ọmọ tó jáde yunifásítì ń wá stóò yẹn lójú méjèèjì wọn ò rí i. Sọ́là tẹ́ ẹ sì ń wò yẹn, gbogbo ẹni tó bá ti ra pílà kan àti síkúrúdíráfà ló ti di ẹnjiníà sọ́là ládùúgbò wa. Ẹ dúró gba pẹ́ńṣọ̀n yín.

Ọ̀gá Wáyà Òde

Ẹ kú iṣẹ́ o Dádì. Ẹ má bínú pé mo pè yín bẹ́ẹ̀, bá a ṣe ń pe àwọn àgbà tó bá wá kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn. Èmi kọ́ ni ọ̀gá tẹ́ ẹ sọ o, àmọ́ iṣẹ́ kan náà là ń ṣe, ìlú kan náà la sì wà, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún yín kẹ́ ẹ má baà máa fi fídíò díwọ̀n ẹ̀.

Òótọ́ ni Bọ̀dá Onímọ́tò sọ, a ti pọ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ni ò pọ̀. Ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n ń pè mí sí báyìí, iṣẹ́ tẹ́nì kan ti bà jẹ́ ni. Wọ́n á ta bátìrì kan ṣoṣo fún oníbàárà tó ní fíríìsà, wọn ò ní bi í pé kí lo fẹ́ fi gbé, kò ní pé ọdún kan bátìrì ti kú, wọ́n á ní sọ́là ò dáa. Bátìrì olómi tí wọ́n ń pè ní túbúlà ò fẹ́ kéèyàn fà á gbẹ, tẹ́ ẹ bá ń lò ó kọjá ìdajì lójoojúmọ́ ẹ ń pa á nìyẹn, omi ẹ̀ sì ní àsìkò tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa wò ó, ọ̀pọ̀ ilé ni mo ti ṣí bátìrì tí omi ẹ̀ ti gbẹ tán pátápátá. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ owó ẹ̀ lẹ mọ̀. Wáyà ńkọ́? Ẹrù, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi iná gbé, tó bá jẹ́ 1000 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòtì máa fa bí 83 áńpù, ẹrù kan náà lórí iná 220 kò tó 5. Ọmọ tí ò mọ ìyẹn á mú wáyà tí wọ́n fi ń fa gílóòbù, á fi so bátìrì mọ́ ínfátà, tó bá di alẹ́ wáyà á máa yọ́.

Ibi tí ẹ̀yin ti ṣáájú gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi rèé, ẹ ò sì rò ó. Ẹni tó ti wà ní stóò láti 2004, tẹ́ ẹ bá fún un ní wáyà lọ́wọ́ á mọ̀ bóyá kọ́pà ni àbí alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà kùn lára. Ẹ mọ ríṣíìtì, ẹ mọ wáráńtì, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè owó láìjà. Àwa ọmọdé tá a wà nídìí iṣẹ́ yìí, owó tá a pàdánù sọ́wọ́ fékì àti sọ́wọ́ oníbàárà tó ní "màá san bàláǹsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀", ẹ jẹ́ n má sọ.

Àmọ́ òrùlé wà níbẹ̀ o. Òrùlé ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò dáadáa. Páànù tó wà lórí àwọn ilé àtijọ́ n'Íjẹ̀bú yìí ti jẹrà, alumíníọ̀mù tòde òní náà fẹ́lẹ́, ibi tí ìṣó bá wà nìkan lẹ lè tẹ̀, torí ibẹ̀ ni igi wà lábẹ́. Tó bá jẹ́ àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má gùn ún rárá, á fọ́ ni. Oòrùn aago kan á máa jó yín lẹ́yìn, orúnkún á máa ké. Pánẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ò ní swíìṣì o, bóòrùn bá ti ràn sí i iná ti dé ẹnu wáyà, tẹ́ ẹ bá so mélòó kan pọ̀ ní ìtẹ̀léra ó lè pa èèyàn, iná DC, ìyẹn iná tó ń ti pánẹ́ẹ̀lì wá, kì í tètè já bí iná NEPA. Nítorí náà ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò kẹ́ ẹ tó gun àkàbà kankan. Mi ò fi dẹ́rù bà yín. Bàbá kan wà tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n ju yín lọ, wọn kì í gòkè, àwọn ni wọ́n ń ṣírò ẹrù, tí wọ́n ń so ọ̀dọ̀ ínfátà àti bátìrì nísàlẹ̀, tí wọ́n ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, oníbàárà sì máa ń gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu jù mí lọ. Irun funfun ń tajà nínú iṣẹ́ yìí, ẹ má jẹ́ ẹnikẹ́ni tàn yín.

Ìyá Ìbejì Ìpẹ́rù

Bàbá, ẹ jẹ́ n dá sí i torí ọkọ tèmi ṣe é. Ilé ìwé aládàáni ló ti ń kọ́ ọmọ, ó ní ó tó gẹ́ẹ́, ó fẹ́ máa sin adìyẹ ẹlẹ́yin. Lọ́jọ́ tó fi sílẹ̀ gan-an lèmi gbọ́. Ó wọlé, ó ní "Ìyá Ìbejì, mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ o", bí ẹni ń sọ pé òjò ti dá. Mi ò sọ nǹkan kan, mo dìde mo lọ sí kíṣìnì, mo ń fọ ìkòkò tí ò dọ̀tí.

Kì í ṣe iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ ló dùn mí o, mo mọ̀ pé ó ń jìyà níbẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé èmi ló ń wá bá láràárọ̀ pé kí n bá òun fi kún owó oúnjẹ adìyẹ, nígbà tí kò sí ọjọ́ kan tá a jókòó tá a ṣírò ẹ̀. Àgbàdo gbówó lórí, sóyà gbówó lórí, ẹyin sì rèé, ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ wa ń yọ iye lórí ẹ̀. Owó ọjà mi ló ń bọ́ adìyẹ fún àkókò tó gùn díẹ̀. Ó ti wá dúró báyìí, a dúpẹ́, a ò pọ̀ ní adìyẹ mọ́ àmọ́ wọ́n ń yé, òun fúnra ẹ̀ ń sùn dáadáa, ó ń bá àwọn ọmọ ṣeré, ìwà tó ń hù nígbà tó ń ṣe tíṣà yẹn ti lọ. Tẹ́ ẹ bá bi mí pé ṣé kó padà, màá ní rárá o. Àmọ́ ìyàwó tẹ́ ẹ ń fẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ bá sọ̀rọ̀ yẹn, ó ti mọ̀. Gbogbo wa la máa ń mọ̀. Ó kàn ń dúró kẹ́ ẹ lanu ni. Obìnrin tó ń tajà ní Fálàwọ̀ mọ ìṣirò ju yín lọ, ẹ mú bírò àti ìwé, ẹ jọ kọ ọ́: owó OOU, owó WAEC tó ń bọ̀, owó ilé, lóònù kọ́páréétíìfù, oṣù mélòó lẹ lè jẹun láìsí owó oṣù. Tó bá sọ pé oṣù mẹ́ta, ẹ ò tíì tó lọ nìyẹn.

Pẹ̀sọ́nẹ́ẹ̀lì tó ti fẹ̀yìn tì

Lẹ́tà inú fóònù yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ẹ dúró kẹ́ ẹ gbọ́ tèmi. Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo fẹ̀yìn tì sí, ọ́fíìsì pẹ̀sọ́nẹ́ẹ̀lì ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun, irú lẹ́tà báyìí ti gba ọwọ́ mi kọjá lọ́pọ̀lọpọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì wá kábàámọ̀ oṣù tí wọ́n mú, kì í ṣe pé wọ́n kúrò.

Owó pẹ́ńṣọ̀n yín, òfin pẹ́ńṣọ̀n ti 2014 ló ń darí ẹ̀. Nínú owó oṣù yín, ó kéré tán ìdá 8 nínú 100 ni wọ́n ń yọ lọ́wọ́ yín, ilé iṣẹ́ á sì fi ìdá 10 tiwọn sí i. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ tí kò tíì pé 50, ohun tí òfin gbà fún un ni pé tí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí kò rí iṣẹ́ míì, ó lè gba ohun tí kò ju ìdá 25 nínú 100 owó tó wà nínú àkáǹtì ẹ̀. Ìyókù á jókòó síbẹ̀. Ẹni tó bá ti pé 50 tó wá fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀, ó lè gba owó kan lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa san ìyókù fún un díẹ̀díẹ̀, iye tó máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà dá lórí bówó inú àkáǹtì ẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀yin máa pé 50 lóṣù kejì! Kí lẹ fẹ́ fi ìparí oṣù yìí ṣe?

Kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ níbi iṣẹ́ rárá, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú pẹ́ńṣọ̀n yín kẹ́ ẹ gba ìwé àkáǹtì, kẹ́ ẹ wò ó oṣù sí oṣù. Òfin ní láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù ló yẹ kí wọ́n ti fi owó yẹn ránṣẹ́, tí wọ́n bá jẹ yín, owó ìtanràn wà lórí ẹ̀, àmọ́ ìgbà tẹ́ ẹ ṣì wà nínú ilé iṣẹ́ ló rọrùn láti bèèrè, tẹ́ ẹ bá ti jáde, ẹ ẹ́ máa dúró sẹ́nu géètì ni. Ní ti gratuity, ìyẹn owó ìdágbére tí ilé iṣẹ́ ń fún ẹni tó ń lọ, kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń san án, ẹ wo ìwé tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́. Ìwé yẹn náà ló máa sọ iye àkókò tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún wọn ṣáájú, ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún lọ sókè, oṣù kan ni òfin iṣẹ́ kọ sílẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ni kọ́páréétíìfù. Kì í ṣe lóònù tiyín nìkan o. Ta lẹ ṣe onídùúró fún? Tẹ́ni yẹn ò bá tíì san tán, owó tẹ́ ẹ ní níbẹ̀ ni wọ́n máa dì mú.

Nígbà tẹ́ ẹ bá wá di ọ̀gá ara yín, ètò pẹ́ńṣọ̀n wà fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara ẹ̀ náà, láti 2019 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ẹ lè máa dá díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń dá àjọ.

Stóòkípà Rẹ́mọ

Hàáà. Onídùúró. Àwọn méjì ni mo ṣe é fún, ọ̀kan ti kúrò nílùú. Ẹ ṣé gan-an sà, mi ò ronú débẹ̀ rárá.

Ìyá Ìbejì, ẹ gbá mi lẹ́nu, ó sì tọ́ sí mi. Ọ̀gá Wáyà, mo dúpẹ́, ìyẹn wáyà alumíníọ̀mù yẹn, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀bẹ họ ọ́ ẹ máa rí funfun nísàlẹ̀, ìwọ̀n ẹ̀ lọ́wọ́ gan-an fúyẹ́, ṣé àwọn èèyàn ò mọ̀ ni? Àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ jíjókòó sábẹ́ ọmọdé. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ mí lọ́kàn lóru.

Àǹtí Aránṣọ

Èmi á dá yín lóhùn, torí mo ṣe é. Mo ti lé ní 40 nígbà tí mo fi ọ́fíìsì sílẹ̀ tí mo lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ n'Íjẹ̀bú-Òde, ọ̀gá mi, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni mo bá ṣe kíláàsì, èmi ni mo gbé e pọ̀n nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ èmi ò mọ ohun tí n óò pè é, òun náà ò mọ ohun tó máa pè mí. Pé kí n pè é ní "Àǹtí", ẹnu mi ò gbà á. Pé kó pè mí lórúkọ, ẹ̀rù ń bà á. Ó wá pè mí ní "Mọ́mì", mo pè é ní "Ọ̀gá", ó tán. Ìkúnlẹ̀ nìkan ló fi yé mi pé kí n má dán an wò, ó ní tí ìyá òun bá gbọ́, wọ́n á pa òun.

Ibi tó ti le ni iṣẹ́ rírán. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó kù, ọmọ ọdún 16, 17, wọ́n ń gbálẹ̀, wọ́n ń lọ ra oúnjẹ, wọ́n ń pọn omi. Èmi jókòó. Mo rò pé wọ́n ń bu ọlá fún mi, kò pẹ́ ni mo rí i pé àwọn tí wọ́n ń rán lọ ra bọ́tìnnì àti líńnìngì ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ojúlówó, àwọn tó ń gbálẹ̀ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀ láàárọ̀ tí ọ̀gá bá ń gé aṣọ tó le. Mo wá sọ fún un níkọ̀kọ̀ pé Ọ̀gá, rán mi. Ojú kọ́kọ́ tì í. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi, àmọ́ á ní "Mọ́mì ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi..." Èyíinì tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́jọ́ kan tó bínú sí mi níwájú oníbàárà torí mo sun bùbá kan níná, mo sunkún nílé, mi ò ní purọ́. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ.

Ẹni tó bá sì rò pé a ò níṣẹ́, kó wá wo ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kankan nílùú yìí tí Iléyá bá ti ku díẹ̀, tí àwọn regbẹ́regbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí, bá gbé aṣọ Ojúde Ọba dé, àdìre, àrán, aṣọ òkè, oníkálukú pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, wọ́n á ní gbogbo ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kẹta Iléyá. A kì í sùn. Orí iṣẹ́ ẹgbẹ́ kan báyìí ni mo ti ṣe fírídọ́ọ̀mù tèmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ mi jókòó níwájú, ọ̀gá mi gbàdúrà fún mi, ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé ìyá arúgbó ń ṣe fírídọ́ọ̀mù. Wọ́n jẹ ìrẹsì o.

Ohun kan ṣoṣo tí màá ní kẹ́ ẹ ṣe, bàbá: ẹ jẹ́ kí àdéhùn wà ní kíkọ. Iye oṣù, iye owó, ohun tí wọ́n máa kọ́ yín. Tí kò bá sí ní kíkọ, ọ̀wọ̀ tó ní fún yín ò ní jẹ́ kó lè bá yín sọ ọ̀rọ̀ owó, ẹ̀yin náà ò ní lè bá a sọ ọ́, ẹ ẹ́ kàn máa wo ara yín.

Àjàní Onímọ́tò

Ẹni tó ń gba pẹ́ńṣọ̀n lọ́wọ́ kan, tó ń gba owó sọ́là lọ́wọ́ kejì. Ìjẹ̀bú ni yín lóòótọ́. Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà, ẹ lọ. Ẹ wá wo ti ilé mi tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, kì í gbé kọjá aago mẹ́wàá alẹ́.

Ọ̀gá Wáyà Òde

Bọ̀dá Onímọ́tò, fíríìjì lẹ so mọ́ ọn, mo mọ̀.

Dádì, Àǹtí Aránṣọ ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwa ọ̀gá kékeré náà, ojú máa ń tì wá. Èmi ò lè sọ fún ẹni tó tó bàbá mi pé ohun tẹ́ ẹ so yẹn ò dáa, tú u, àfi tó bá kọ́kọ́ fún mi láyè. Ẹ fún un láyè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀ bóyá ara yín gbà á. Ṣebí ẹ ní lííìfù tẹ́ ẹ ò tíì gbà? Ẹ fi lọ. Kó tó di ìgbà yẹn, ẹ máa lo ọjọ́ Sátidé. Lẹ́yìn náà ẹ wá ìwé tíréédì tẹ́ẹ̀sì ti ìjọba lórí iṣẹ́ iná, àwọn ilé ìwé àti ilé ìtura ń bèèrè ìwé kí wọ́n tó gbéṣẹ́ fún èèyàn báyìí.

Stóòkípà Rẹ́mọ

Mo ti pa lẹ́tà inú fóònù yẹn rẹ́. Mo bá ìyàwó mi sọ ọ́ lálẹ́ àná. Ó ní òun ti mọ̀ láti ìgbà tí mo ti ń wo fídíò òyìnbó tó ń so wáyà títí aago kan òru. Ó ní kí n dúró kọjá oṣù kejì, títí ọmọ tó wà ní SS3 á fi ṣe WAEC ẹ̀ tán, àti pé òun ò ní fi owó ọjà òun ra pánẹ́ẹ̀lì fún ẹnikẹ́ni, kí n fi ìyẹn sọ́kàn. Mo ní mo ti gbọ́. Ó tún wá ní ta ló máa máa gun òrùlé, mo ní a ṣì ń wò ó.

Mo ti pe ọmọ yẹn, a fi sí Sátidé tó ń bọ̀, ilé kan ní Òdógbolú ni wọ́n fẹ́ ṣe. Kí ni kí n wọ̀ lọ?

Ọ̀gá Wáyà Òde

Bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ rọ́bà rírọ̀, kì í ṣe èyí tó ní irin níwájú tí wọ́n fún yín níbi iṣẹ́, ìyẹn wúwo jù. Ẹ mú fìlà. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́ sílẹ̀ nílé.